Gíìgì Mẹ́ta Láràárọ̀

Gíìgì mẹ́ta ló sọnù. Obìnrin tó ń ṣọ́ àyè inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà nu ojú, ó wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìwé sọ pé nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gíìgì mẹ́rìndínlógójì ni àyè tó ṣẹ́kù nínú dísìkì. Kọ̀ǹpútà ní rárá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyí, kò sì sí ẹni tó wọ ilé náà láti ọjọ́ Ẹtì. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, òun náà ló ṣí i, kọ́kọ́rọ́ kò sì kúrò nínú báàgì rẹ̀.

Àga ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń rà lójú pópó. Àwọn tí àga ayé kò gbà ni oníbàárà wọn: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni kúkúrú tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, ẹni ńlá tí àga máa ń ké tó bá ti rí i tó ń bọ̀. Wọ́n á wọn onítọ̀hún, wọ́n á ya àga rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó ń gé pákó á ka àwòrán náà láti inú dísìkì, á sì gé igi bó ṣe rí i. Ṣùgbọ́n bí àyè inú dísìkì bá ti kéré sí ogún gíìgì, ẹ̀rọ náà kì í gé ohunkóhun mọ́. Á dúró, á máa tan iná pupa, gbogbo ilé á sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ìdí tí wọ́n fi gba obìnrin yìí síṣẹ́ nìyẹn, kí ó máa rí i pé ọ̀rọ̀ kò dà bẹ́ẹ̀.

Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, àwọn kan fẹ́ràn òdòdó, òun fẹ́ràn kí ó mọ̀ pé àyè wà. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ kọjá á bi í pé, "Ó ku àyè?" Òun náà á dáhùn pé, "Àyè ń bẹ." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di Àǹtí Ó-ku-àyè nìyẹn, tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sì di ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé kí wọ́n tó rántí.

Ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ àyè ni ayàwòrán àga tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Oníwọ̀n. Bàbá yìí kò fi gbogbo ara gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Ó ní kí obìnrin náà máa fi ọwọ́ kọ iye àyè sínú ìwé nírọ̀lẹ́, kí ó sì tún kọ ọ́ láàárọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. "Bí a ṣe tì í la gbọ́dọ̀ bá a," ni ó máa ń wí. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ní láti ṣe gbogbo nǹkan. Kì í sọ àga lórúkọ kí ó tó yà á tán. Bí oníbàárà bá nà ṣánṣán níwájú téèpù rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, á rọra fọwọ́ bà á léjìká, á ní, "Ẹ má jókòó dáadáa o. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó nílé." Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ ni yóò ti dé, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá wọ̀n lánàá ni yóò sì yà.

Bàbá Oníwọ̀n ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó sùn, kò jí, ó sì dun gbogbo wọn wọra. Ó-ku-àyè nìkan ló sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, nítorí ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an ni ó ṣèlérí fún un pé òun máa ya àga fún ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, ó gbà pé òun ló ṣi nǹkan kọ. Ó fa igi lé iye ọjọ́ Ẹtì, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó kọ ọ́: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n péré ló bá.

Ẹ̀rín kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo fáìlì inú dísìkì láti orí èyí tó tóbi jù. Fáìlì kan tí kò rí rí ló yọ sókè. Gíìgì mẹ́fà ni ìwọ̀n rẹ̀, mẹ́ta ti àná, mẹ́ta ti òní. Kò lórúkọ. Fódà Bàbá Oníwọ̀n ló wà. Níbi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sí, orúkọ Bàbá Oníwọ̀n ló wà níbẹ̀. Níbi tí ó máa ń kọ àkókò sí, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Orí rẹ̀ wú. Ó yí ojú wo yàrá ayàwòrán lápá ọ̀tún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé fún àwọn tó ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ohun tó kù nínú yàrá náà ju tábìlì àti fèrèsé lọ.

Ẹ má bi í pé kí ló dé tí orúkọ òkú ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí bí òṣìṣẹ́ bá lọ, òun ló sì yẹ kí ó fọwọ́ sí i, kí ó yọ orúkọ bàbá náà kúrò, kí ó sì pa fódà rẹ̀ rẹ́. Ìwé náà ti wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ pé lọ́la. Kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó máa ń bá a, lórí ìdúró, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Láti ìgbà tí màmá náà ti ṣubú lójú àtẹ̀gùn, eegun ìbàdí rẹ̀ ò jẹ́ kó lè jókòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí kò bá dúró, á dùbúlẹ̀. Ọdún méjì nìyí tí kò ti bá ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì jẹun. Kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀ kíákíá, kí ó má baà pẹ́ lórí àga níwájú ẹni tí kò lè jókòó.

"Ọkùnrin yẹn wá lónìí," màmá wí.

"Nọ́ọ̀sì?"

"Ọwọ́ rẹ̀ tutù jàre. Ṣùgbọ́n ó ń rọra ṣe é. Àwa méjèèjì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Inú Ó-ku-àyè dùn. Ọsibítù máa ń rán nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wá tọ́jú ẹ̀yìn màmá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó ṣe é ní kàyéfì díẹ̀ pé ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ta ló máa bínú pé wọ́n ń ṣe oore fún ìyá òun lápọ̀jù? Ó fọ ife, ó sì sùn.

Ní Ọjọ́rú, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá wọn gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá.

"Ó ku àyè?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, obìnrin náà kò dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Ó fi ìwé hàn án, ó fi fáìlì hàn án, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ibi tí orúkọ àti àkókò wà bí ẹni tó kàn gbé ọwọ́ síbẹ̀ lásán.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tí iná pupa ara ẹ̀rọ ń bà lẹ́rù ju ohunkóhun lọ láyé. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Bó bá ń jẹ mẹ́ta lóòjọ́, á ku mọ́kànlélógún ní Fúráìdè. Tó bá wá di Mọ́ńdè, a ti wọ gbèsè. Dísìkì tuntun ò ní dé títí oṣù tó ń bọ̀. Fódà ta nìyẹn?"

"Ti Bàbá Oníwọ̀n."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Pa á rẹ́, Àǹtí. Kó tó di pé a ti ilẹ̀kùn ní Fúráìdè."

Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, ó ṣí fáìlì náà. Ó yẹ kí ó ti ṣí i láti àná, ẹ̀rù ló bà á. Kò sí ohun ìyanu tó fò jáde. Àga ni, àga tí ẹnìkan ń yà lọ́wọ́: ìjókòó rẹ̀ ti parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parí, ọ̀kan nínú ibi ìgbọ́wọ́lé ti wà, èkejì kò tíì sí. Gbogbo ìlà rẹ̀ ni wọ́n yà láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n, débi pé ó wúwo ju ìlọ́po mẹ́wàá àga mìíràn lọ. Ẹni tó ń ya èyí kò fẹ́ kí àṣìṣe kankan wọ ibẹ̀.

Ó rí i pé ìjókòó náà fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta rẹlẹ̀ lápá òsì ju apá ọ̀tún lọ, wọ́n sì gbẹ́ ihò kékeré kan sí ibi tí eegun ìbàdí yóò wọ̀. Ìka mẹ́ta. Òun ló máa ń ká ìwọ̀n ìka mẹ́ta rán sókè létí ìró ìyá rẹ̀ lápá òsì, torí ibẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ rẹlẹ̀ sí láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, ṣùgbọ́n ìdí wo ló máa wà fún èyí? Bàbá Oníwọ̀n kú kó tó fi téèpù kan ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá sílé wọn, ó kí màmá, ó mu omi, ó ní òun ń padà bọ̀ wá wọ̀n wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, mẹ́rìnlélógún, ìgbọ́wọ́lé kejì sì ti wà. Ní ọ̀sán ó pe nọ́ọ̀sì náà lórí fóònù láti dúpẹ́, nítorí ohun kan ti ń jẹ ẹ́ nínú láti òru.

"Ẹ ṣeun gan-an o, sà. Màámi ní ẹ tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi? Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n rán wa lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dé ọ̀dọ̀ yín kẹ́yìn. Ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni?"

Ó gba ààyè lọ sílé ní agogo mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró, ojú rẹ̀ ń dán.

"Màámi, ta lẹ ní ó ń wá síbí?"

"Ta ni ǹ bá tún wí? Bàbá iṣẹ́ yín ni, onítéèpù. Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n rìnrìn àjò. Wọ́n ti dé! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Agogo mẹ́wàá gééré ni wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n má dúró dáadáa, kí n dúró bí mo ṣe ń dúró nígbà tí ẹnì kankan ò wò mí." Màmá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ẹ̀yìn nìkan. Wọ́n ní tó bá di ọ̀la, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n."

Ó-ku-àyè wá ibi jókòó. Òótọ́ ni, òun ló parọ́ yẹn. Nígbà tí bàbá náà kú, ẹ̀jẹ̀ màmá ń ru, dókítà sì ti ní kí wọ́n má sọ ohun tó lè já a láyà. Ìyẹn ló ṣe ní wọ́n rìnrìn àjò, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ fún arúgbó. Ó sì rántí ohun tí àwọn àgbà ń wí, tó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀: òkú tó bá níṣẹ́ tí kò parí lè máa rìn, ṣùgbọ́n kò ní dé ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ó ti kú. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ létí rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò pòórá.

Ibi méjì péré ló kù láyé tí ẹnì kankan kò tíì túfọ̀ Bàbá Oníwọ̀n fún. Ọ̀kan ni ilé yìí. Èkejì ni kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Nínú méjèèjì, ọwọ́ òun nìkan ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀rù bà á, èmi ò ní parọ́ fún yín. Kí òkú máa kan ilẹ̀kùn ìyá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ìgbà náà ni màmá yí ara láti gbé ife kalẹ̀, ìrora mú un, ó sì fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó-ku-àyè pa ẹnu dé. Ẹ̀yìn àga nìkan ló kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mọ́kànlélógún ló bá. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Bàbá máa wọn ẹ̀yìn màmá lónìí. Ohun tó bá wọ̀n lónìí, lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e ló máa yà á, ìyẹn ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òun bá pa fódà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní, àga kò ní lẹ́yìn láéláé. Bí òun bá fi sílẹ̀, àyè á di méjìdínlógún ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ á dúró, òun náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní láti wá àyè ní ibòmíràn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dìde lórí àga rẹ̀, àga onígi líle kan tó ti ń dá ìbàdí òun náà lóró láti ọdún mọ́kànlá, torí ẹni tó ń ṣe bàtà kì í rójú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì dé tábìlì. Ó ti mọ ibi tí oníkálukú kó ẹrù òfin pamọ́ sí. Ẹni tó ń ṣọ́ àyè ni, kí ni kò rí?

Ó bá àwọn tó ń tajà, ó ní kí wọ́n gbé ayẹyẹ ọjọ́ìbí ọmọ wọn kúrò nínú fódà tí wọ́n pè ní "Ìwé Pàtàkì". Wọ́n fẹ́ ṣẹ́, ó ka iye àbẹ́là orí àkàrà òyìnbó náà fún wọn, wọ́n sì gbé e kúrò. Ó bá obìnrin tó ń gba àlejò, ó ní kí ó wá nǹkan ṣe sí eré tíátà rẹ̀. "Àǹtí, mi ò tíì wo ìparí ẹ̀!" "Mo ti wò ó. Wọ́n fẹ́ra wọn." Òun náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: fídíò ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ jáde iléèwé wà níbẹ̀, gíìgì kan àbọ̀, tó ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ó gbé e sórí fóònù, ó sì pa á rẹ́ nínú dísìkì. Ìtìjú mú un díẹ̀.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, àyè ti di mẹ́rìnlélógún. Ó ku fáìlì kan, tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ: gíìgì mẹ́ta ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi kámẹ́rà mẹ́ta ká sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì wò rí.

"Ọ̀rọ̀ mi?" Ọ̀gá, tó ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì obìnrin náà, gbé ìgò ojú kúrò. "Fódà òkú ni mo ní kí o pa rẹ́, o wá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ alààyè."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fún mi di ọ̀sán Mọ́ńdè. Ó ku díẹ̀ kí àga yẹn parí."

"Ta ló ń yà á?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ní ibi tó tún fi bò bíi ti Ọjọ́rú. Ọ̀gá ka orúkọ, ó ka àkókò. Ó ti tó ogún ọdún tí òun náà ti ń bá iná yàrá ayàwòrán ní títàn nígbà tó bá dé láàárọ̀. Ó tún ìgò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Mi ò béèrè nǹkan kan," ó wí ní ohùn ìsàlẹ̀. "O ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Mọ́ńdè, agogo méjìlá." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Ó ti gùn jù nígbà tí mò ń sọ ọ́ pàápàá."

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kọ sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àbámẹ́ta àti Àìkú gùn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò bi ìyá rẹ̀ ní ohunkóhun, ìyá rẹ̀ sì ń kọrin nínú yàrá.

Ní ọjọ́ Ajé ó dé síwájú ilé iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dúró sí òdìkejì títì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn tó ń gbálẹ̀ ti ń kọjá. Nígbà tó di mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrèsé yàrá ayàwòrán, tí kò ní gílóòbù kankan mọ́, mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá tan iná tó sì fi ara dí i. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kú. Ó-ku-àyè dúró síbẹ̀ títí agogo méje fi kọjá. Ó rò pé òun máa sá, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé omi ayọ̀ ló wà lójú òun.

Mẹ́rìnlélógún ló bá. Gíìgì méjìdínlógún gééré ni fáìlì náà, àga ti ní ẹ̀yìn, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ. Ó sì ti lórúkọ. "Màmá Ó-ku-àyè" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí ó tó di agogo méjìlá, ó ti gbé àwòrán náà fún ẹ̀rọ. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tò ó pọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní láti ìgbà tí Bàbá Oníwọ̀n ti lọ, àwọn ò tíì rí pákó tó wọnú ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà náà sórí dísìkì kékeré kan tó fowó ara rẹ̀ rà, tó ṣeé tì mọ́nú àpótí, ó sì pa wọ́n rẹ́ níbi tí wọ́n wà. Àyè di méjìlélógójì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ́n gbé àga náà wọ pálọ̀. Màmá fi ọwọ́ pa á lára, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó. Wọ́n dúró de ìrora. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mẹ́wàá. Màmá mí, ó sì fi ara lélẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ti ìrìn-àjò ọdún méjì dé. "Gbé oúnjẹ wá," ó wí. Wọ́n jọ jẹun nídìí tábìlì kan náà, Ó-ku-àyè kò sì kánjú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá rò ó pé àkókò tó. Iṣẹ́ ti parí, ara màmá ti balẹ̀, kò yẹ kí irọ́ ṣì wà nílé. "Màámi, ó ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa bàbá yẹn."

"Kò tíì kan ọpẹ́," màmá dá a lóhùn, ó ń jẹran lọ. "Mo ti bẹ̀ wọ́n fún ìwọ náà. Mo ní ọmọ mi máa ń di ìbàdí mú délé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pé àga tí ìwọ gan-an ń jókòó lé níbi iṣẹ́ ò dáa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Ó-ku-àyè fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó bu omi mu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó sórí àga onígi rẹ̀, ó ṣí ìwé. Méjìlélógójì ló kọ lánàá. Mọ́kànlélógójì ló wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ó ṣí fódà tó ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Fáìlì kan wà níbẹ̀, gíìgì kan péré, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò lórúkọ. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó gùn, ó sì tọ́. Gbogbo àga Bàbá Oníwọ̀n ni ìlà gígùn máa ń ṣíwájú, ó mọ ìyẹn. Ó tún mọ̀ pé kì í ṣe àga nìkan ni wọ́n ń fi igi ṣe, wọ́n máa ń wọn èèyàn fún pósí náà. Ó wo ìlà náà pẹ́.

Ìwé tó yẹ kí ó fọwọ́ sí wà níwájú rẹ̀, bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí i, kọ̀ǹpútà á gbọ́ pé bàbá ti kú, ó parí nìyẹn. Ó mú bírò. Ìbàdí rẹ̀ ta, bó ṣe máa ń ta láràárọ̀. Ó tún gbé bírò kalẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì ti í.

"Ó ku àyè?" ẹnìkan bi í bó ṣe ń kọjá.

"Àyè ń bẹ," ó dáhùn.

Ohun tútù kan, tó fẹ̀ tó ìka kan, kàn án lọ́rùn, ó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Kíá ló nà ṣánṣán. Ọwọ́ kan bà á léjìká, ó fúyẹ́, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ó rántí. Ó mí jáde, ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó sì jókòó bó ṣe ń jókòó nílé.